Akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò àmójútó àkànṣe nílé ẹ̀kọ́ girama: Ta ló mọ ohun tó ń ṣe é?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ni àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń wọ ilé ẹ̀kọ́ girama jákèjádò orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Inú òbí a máa dùn, inú ọmọ náà a sì máa dùn, nítorí pé ìgbésẹ̀ ńlá ni. Àmọ́ ohun kan wà nínú ìgbésẹ̀ yìí tí ọ̀pọ̀ òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà pẹ̀lú ọmọ láti ìgbà tí agogo àárọ̀ bá ti dún títí di ìgbà tí wọ́n bá jáde. Olùkọ́ náà mọ ọmọ tó máa ń fún ojú pọ̀ kó tó lè ka ohun tó wà lójú pátákó, ó mọ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ pè lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, ó sì mọ èyí tí àyà rẹ̀ máa ń já bí wọ́n bá ní kó dìde kàwé.

Bí ọmọ náà bá dé ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò máa wọlé tọ̀ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì í sì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ kó tó jáde. Olùkọ́ ìṣirò rò pé ọ̀lẹ ni, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì rò pé olórí kunkun ni, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó rí ọmọ náà tán. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò àmójútó àkànṣe ti máa ń bàjẹ́, tí ọmọ tó ti ń rọ́jú bá ẹgbẹ́ bọ̀ láti kíláàsì kìíní yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá nílé ẹ̀kọ́ kó tó parí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama.

Ta ni a ń pè bẹ́ẹ̀?

Bí a bá ti dárúkọ àkàndá ẹ̀dá, ohun tó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́, ẹni tó dití tàbí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ rìn. Lóòótọ́ ni wọ́n wà lára àwọn tí à ń sọ. Àjọ UNICEF sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2021 pé àwọn ọmọdé tó ní ìpèníjà ara kan tàbí òmíràn lágbàáyé súnmọ́ mílíọ̀nù 240. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ládùúgbò wa, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ ni àwọn tí ènìyàn kò lè fi ojú lásán dá mọ̀. Ọmọ tí kò ríran jìnnà wà níbẹ̀, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ tán wà níbẹ̀, akólòlò wà níbẹ̀, ọmọ tí wárápá ń ṣe wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí làákàyè rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ojú ìwé kò bá a rẹ́.

Orúkọ kan ṣoṣo ni a sábà máa ń fún gbogbo wọn: olódo. Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì rọrùn láti sọ, àmọ́ kò sí dókítà kan lágbàáyé tó lè tọ́jú olódo, nítorí pé kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká wádìí ohun tó ń mú ọmọ náà gba òdo.

Ojú

Ojú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé òun ló rọrùn jù lọ láti wá nǹkan ṣe sí. Àìríran jìnnà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ tàbí kó máa le sí i ní ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà, ìyẹn ìgbà tó bá wà nílé ẹ̀kọ́ girama gan-an. Ọmọ náà kò ní sọ pé òun kò ríran, nítorí kò mọ bí àwọn yòókù ṣe ń ríran. Ohun tí yóò máa ṣe ni pé yóò máa wo ìwé ẹni tó jókòó tì í, wọn yóò sì nà án nítorí pé ó ń jí ìwé wò. Bí olùkọ́ bá rí ọmọ tó ń fún ojú pọ̀, tó ń gbé ìwé súnmọ́ imú, tí orí sì máa ń fọ́ bí wọ́n bá ń kọ̀wé, kó kọ̀wé sí àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Gíláàsì tí onímọ̀ nípa ojú bá wọ̀n fún un lè yí ipò rẹ̀ ní kíláàsì padà kí sáà ẹ̀kọ́ kan tó parí. Ìgbàgbọ́ àwọn kan pé gíláàsì ló ń ba ojú ọmọdé jẹ́ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Etí

Ọ̀rọ̀ etí le díẹ̀ ju ti ojú lọ, nítorí pé ọmọ tó ń gbọ́ díẹ̀ lè tan gbogbo ènìyàn jẹ láìmọ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ nínú èdè Yorùbá wà lára àwọn ìró tó ki. Ọmọ tó jẹ́ pé ìró tó tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni etí rẹ̀ kò gbé mọ́ lè máa gbọ́ wọn kedere. Yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, yóò gbọ́ ìlù, yóò sì dìde bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe búra pé etí ọmọ òun dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ìró s, f àti ṣ jẹ́ ìró tó tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sì í wọ irú etí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ girama, s tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ló máa ń sọ bóyá nǹkan kan ni tàbí nǹkan púpọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ kò ní kọ ọ́, olùkọ́ yóò sì máa fi bírò pupa gé e lójoojúmọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ṣàlàyé pé nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn tó ń bá àwọn ọmọdé jà ló ní ohun tó ń fà á tí a lè dènà. Lára wọn ni etí tó ń tú ọyún tí a kò tọ́jú, àrùn yírùnyírùn, ibà pọ́njú tó le nígbà tí ọmọ wà ní ìkókó, àti àwọn oògùn kan, bí abẹ́rẹ́ gentamicin, bí wọ́n bá lò ó láìsí àbójútó dókítà. Ariwo púpọ̀ náà wà níbẹ̀, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ sí etí gbọ́ orin láti àárọ̀ dalẹ́. Bákan náà, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹ́ adìyẹ àti igi ìṣáná kì í ṣe ohun tí à ń ki bọ etí ọmọ. Bí ìdọ̀tí bá dí etí, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Ní kíláàsì, ohun tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kò wọ́n. Kí ó jókòó síwájú, kó sì jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí òpópónà. Kí olùkọ́ má ṣe máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń kọ nǹkan, kó kọ ọ́ tán, kó yíjú sí àwọn ọmọ, kó tó ṣàlàyé, nítorí pé ọmọ tí kò gbọ́ tán máa ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá béèrè ìbéèrè láti ẹ̀yìn, kí olùkọ́ tún un sọ kó tó dáhùn. Olùkọ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé àwọn ọmọ tí etí wọn dá pàápàá á jàǹfààní nínú rẹ̀.

Ọmọ tó gbọ́n tí kò lè kàwé

Nínú gbogbo wọn, èyí tó ń gba ìyà àìṣẹ̀ jù ni ọmọ tó ní ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Lọ́dún 1896, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ W. Pringle Morgan kọ àkọsílẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan. Orí ọmọ náà pé, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò lè kàwé pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ ọ. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún dókítà náà pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, ọmọ yìí ni ìbá mú jù lọ nílé ẹ̀kọ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí lé e lórí. Ohun tí wọ́n rí ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà. Bí ọpọlọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ń so ìró ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ lẹ́tà ló yàtọ̀, ó sì sábà máa ń rìn láti inú ìdílé. Bí ẹ bá béèrè dáadáa, ẹ lè rí i pé bàbá ọmọ náà tàbí àbúrò bàbá rẹ̀ kò fẹ́ràn ìwé rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè fura? Ọmọ náà á máa kàwé bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Á kọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta lójú ewé kan ṣoṣo. Bí ó bá ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ, wọn á ti pa á rẹ́ kó tó dé ìdajì. Àmọ́ bí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè lẹ́nu, òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Bí wọ́n bá rán an lọ ra nǹkan lọ́jà, kò ní ṣi owó kà, bí ó bá sì ń pàlọ́, gbogbo ilé á dákẹ́ gbọ́.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra níhìn-ín o. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí kò lè ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ní dyslexia. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kì í bá bí wọ́n ṣe ń pè é mu. Ti Yorùbá yàtọ̀, bí a bá ṣe pè é ni a ṣe ń kọ ọ́. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó fura sí ọmọ kan, kó kọ́kọ́ rí i dájú pé wọ́n ti yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò, kó sì fún un ní ìwé Yorùbá kékeré kà bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé. Bí ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá bá kà á dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣòro rẹ̀, àtúnkọ́ èdè náà ló sì nílò. Bí ó bá ń kọsẹ̀ níbẹ̀ náà, tí kò lè sọ ohun tó kù bí a bá yọ "bà" kúrò nínú "bàtà", tí ẹ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣeré sì ń dà á láàmú, ọ̀rọ̀ yẹn ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Èyí kì í ṣe àyẹ̀wò oníṣègùn, ìfura lásán ni. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ àkànṣe àti àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń wò ó, yálà ti òyìnbó tàbí àgbo. Gíláàsì aláwọ̀ tí àwọn kan ń tà fún un kò ní ẹ̀rí ìwádìí lẹ́yìn. Ẹgba pẹ̀lú kì í wò ó, ìbá ti wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn láti ọjọ́ yìí wá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n padà kọ́ ọmọ náà ní ìró àti lẹ́tà ní ẹsẹẹsẹ, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé lọ. Ní ti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, kí wọ́n má jẹ́ kí àìlèkàwé dí ìmọ̀ lọ́wọ́. Kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ dípò kí wọ́n ní kó dà á kọ. Kí olùkọ́ ìtàn tàbí ti sáyẹ́ǹsì fún un ní máàkì lórí ohun tó mọ̀, kó sì gbé ọ̀rọ̀ bí ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí wọ́n má ṣe dédé ní kó dìde kàwé sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pọn dandan, kí wọ́n fi ìpínrọ̀ tí yóò kà hàn án láti ọjọ́ tó ṣáájú.

Akólòlò, wárápá àti àìsàn inú ẹ̀jẹ̀

Fún akólòlò, sùúrù ni àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má sì ṣe sọ fún un pé kó fara balẹ̀, nítorí pé ìyẹn máa ń mú un le sí i. Ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ dúró títí yóò fi sọ tán, ẹ sì dáhùn ohun tó sọ.

Ti wárápá gba kí gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe, nítorí pé kò ní dúró de dókítà. Bí ọmọ bá ṣubú tó ń gbọ̀n, ẹ kó àga àti tábìlì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ sí abẹ́ orí rẹ̀, ẹ tú ọrùn aṣọ rẹ̀, ẹ sì wo aago. Ẹ má ṣe dì í mú, ẹ má ṣe ki síbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe da epo tàbí omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, tàbí tí òmíràn tún tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ tó là, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Itọ́ ẹnu rẹ̀ kì í ran ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò padà sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan péré tí èyí ṣẹlẹ̀ sí wọn ní gbangba, nítorí pé kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn tí wọ́n ń lò déédéé lè má jẹ́ kó ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́.

Ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde nílò omi mímu nígbà gbogbo àti ààyè láti jáde lọ tọ̀. Kò yẹ kí wọ́n fi gígé koríko nínú oòrùn tàbí kíkúnlẹ̀ nínú òjò jẹ ẹ́ níyà. Bí ó bá sì ti ilé ìwòsàn dé, kí ẹnì kan ti bá a kọ àwọn ẹ̀kọ́ tó fò ó sílẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àánú lásán, òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1977 ti ní àyè fún ẹ̀kọ́ àkànṣe, ọdún yẹn kan náà sì ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́. Lóṣù kẹfà ọdún 1994, àwọn aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè 92 pàdé ní Salamanca lórílẹ̀-èdè Spéènì, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé ilé ẹ̀kọ́ gbogbogbòò ló yẹ kó máa gba gbogbo ọmọ wọlé. Èyí tó lágbára jù fún wa ni òfin ọdún 2018 tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019. Òfin náà fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba jẹ́ èyí tí wọ́n lè wọ̀, kí wọ́n sì lè kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti máa bójú tó wọn. Ó tún ní kí ìwé Bíráìlì àti èdè àwọn adití wọ inú ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ wọn.

Síbẹ̀, ó yẹ ká sọ òótọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni a kàn lè gbé jókòó sí kíláàsì gbogbogbòò, ká sì ní a ti ṣe tiwa. Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí àrùn yírùnyírùn sọ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11, ló dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Gánà lọ́dún 1957, ó sì dé ìlú Ìbàdàn láti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1960. Ohun tó mọ̀ ni pé ọmọ adití nílò èdè tó lè fi ọwọ́ sọ àti ẹgbẹ́ tó gbọ́ èdè náà. Ọmọ adití tí a fi sáàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 60 láìsí ògbifọ̀ wà ní àhámọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló wọ̀. Bí a bá máa gbà á wọlé, kí á gba ògbifọ̀ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú, kí a sì kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní díẹ̀ nínú èdè rẹ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà tó ní ẹ̀ka àwọn adití nínú ọgbà wọn, irú ètò bẹ́ẹ̀ sì sàn ju kí ọmọ máa dá wà lọ.

Olùkọ́ kan, ìwé kan

Bí a bá padà sí ọ̀rọ̀ olùkọ́ 10 tí a fi bẹ̀rẹ̀, ohun tí èmi rò pé ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ṣe kò gba owó. Kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yan olùkọ́ kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti sọ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ di dandan ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Níbi tí wa, olùgbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe é, olùkọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Ọ̀yọ́ lè ṣe é, bí kò bá sì sí èyíkéyìí nínú wọn, olùkọ́ tó ní sùúrù tó sì mọ àṣírí pa mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó pe àwọn òbí àti ọmọ náà fúnra rẹ̀ jókòó, kó sì kọ ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé sí ojú ewé ìwé kan ṣoṣo. Ojú ewé kan, kì í ṣe ìwé ńlá, nítorí pé olùkọ́ tó ní kíláàsì méje lójúmọ́ kò ráyè ka ìwé ńlá. Kí ó kọ ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa sí òkè pátápátá. Lẹ́yìn náà ni kó kọ ohun tó ṣòro fún un, ohun mẹ́ta tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa ṣe, àti ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe. Bí àpẹẹrẹ: "Kó jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ lápá òsì, nítorí pé etí ọ̀tún rẹ̀ ló gbọ́. Ẹ kọ iṣẹ́ àmúrelé sójú pátákó, ẹ má ṣe fẹnu sọ ọ́ nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́ bóyá ó yé e. Ẹ má ṣe fi ariwo pè é láti ẹ̀yìn." Kí wọ́n fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wò ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Orúkọ àìsàn kò pọn dandan nínú ìwé náà bí òbí kò bá fẹ́, ohun tí olùkọ́ yóò ṣe ló ṣe pàtàkì.

Àwọn olùkọ́ kan yóò sọ pé ojúsàájú ni. Wọn yóò ní kí ló dé tí wọ́n fi fún ẹnì kan ní àfikún àkókò, tí wọn kò fún àwọn yòókù? Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: kò sí olùkọ́ tó ń gba gíláàsì lójú akẹ́kọ̀ọ́ kó tó ṣèdánwò kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Àfikún àkókò kò fi ìdáhùn sí ọmọ náà lórí, ọ̀nà tí ìdáhùn tó wà lórí rẹ̀ yóò gbà jáde ló là sílẹ̀. Ẹ̀sùn kejì tí wọ́n máa ń mú wá, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù nínú kíláàsì, jẹ́ òótọ́, ìjọba ló sì yẹ kó wá nǹkan ṣe sí i. Àmọ́ ibi tí ọmọ jókòó sí, àti kí olùkọ́ yíjú sí kíláàsì kó tó sọ̀rọ̀, kò dúró de ìjọba.

Òbí náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ìtìjú ló ń mú ọ̀pọ̀ òbí fi ìwé ilé ìwòsàn pa mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù pé wọn kò ní gbà á wọlé. Bí ẹ bá pa á mọ́, ọmọ yín ni yóò máa fi ara rẹ̀ ṣàlàyé fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ lọ rí olùkọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí èsì ìdánwò bá jáde.

Ní ti ìdánwò àṣejáde, àjọ WAEC máa ń ṣètò ìwé ìbéèrè Bíráìlì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, àti àfikún àkókò fún àwọn tí ipò wọn bá gbà á. Àjọ JAMB pẹ̀lú dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lọ́dún 2017, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí, láti máa ṣètò ìdánwò ìwọlé yunifásítì fún àwọn tí ojú wọn fọ́. Àmọ́ ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ ipò akẹ́kọ̀ọ́ náà, ilé ẹ̀kọ́ ló sì ń fi í ránṣẹ́ fún ti WAEC. Nítorí náà, kí ọmọ tó wọ ọdún ìkẹyìn ni kí òbí ti gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ dókítà tàbí onímọ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, kó fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní ọ̀kan, kó sì tọ́jú èkejì sílé.